Orí Keje: Ẹranko Orí Òrùlé àti Ohun tí Atọ́ka Afẹ́fẹ́ Àtijọ́ Ń Sọ

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:
(a) ṣàlàyé bí atọ́ka afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí àwọn ẹranko kan fi bá iṣẹ́ náà mu ju àwọn mìíràn lọ;
(b) sọ bí àkùkọ ṣe dé orí ṣọ́ọ̀ṣì ní Yúróòpù;
(d) fi àpẹẹrẹ hàn pé ẹranko kan náà lè ní ìtumọ̀ tó yàtọ̀ láti òrùlé kan sí òmíràn;
(e) lo ìbéèrè mẹ́ta tó wà ní 7.7 láti fi ka ẹranko orí òrùlé tí kò tíì rí rí.

7.1 Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù àti ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, bí ènìyàn bá gbójú sókè wo ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn ìlú tàbí abà àgbẹ̀ àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ó rí ẹranko kan níbẹ̀: àkùkọ, ẹja, ẹṣin, dírágónì, kódà tata. Bàbà tàbí irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì sábà máa ń fi wúrà bò ó kí ó lè máa tàn nínú oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, ẹranko náà á yí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá han atukọ̀, àgbẹ̀ àti ará ìlú. Òun ni à ń pè ní atọ́ka afẹ́fẹ́ nínú ìwé yìí.

Iṣẹ́ náà kò sọ pé dandan ni kí ó ní àwòrán ẹranko. Irin pẹlẹbẹ kan tó lè yí lórí ọ̀pá ti tó. Ẹni tó bá wá ná owó wúrà lé e lórí, tó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ tata tàbí dírágónì fún òun, ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ sọ.

Ọ̀nà tí ó yẹ kí á gbà ka ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ka àrokò ni. Ẹni tí wọ́n fi àrokò ránṣẹ́ sí kì í wo owó ẹyọ lásán. A máa wo ẹni tó fi í ránṣẹ́, a máa wo bí wọ́n ṣe so ó, kọjúsíra ni tàbí kẹ̀yìnsíra, a sì máa rántí ohun tó ti wà láàárín àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹranko orí òrùlé. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ara ẹranko náà. Ọwọ́ ẹni tó ni òrùlé ló wà. Ìdí nìyẹn tí àkùkọ fi lè jẹ́ ìkìlọ̀ ní ìlú kan, kí ó jẹ́ èébú ní ìlú mìíràn.

7.2 Bí atọ́ka afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí á mú àkùkọ bàbà kan. Wọ́n gbé e lé orí ọ̀pá irin tó dúró ṣánṣán, ó sì lè yí po láìsí ìdíwọ́. Òfin méjì ló ń darí rẹ̀.

Èkíní, ìwúwo iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí ọ̀pá. Bí apá kan bá wúwo jù, àkùkọ náà á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ha ọ̀pá, kò sì ní yí geerege.

Èkejì, fífẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ dọ́gba. Ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ lù ú, apá tó fẹ̀ ni yóò gba agbára púpọ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa tì í títí yóò fi bọ́ sẹ́yìn ọ̀pá. Orí ẹranko náà á wá kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.

Òfin méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tako ara wọn, nítorí ohun tó bá fẹ̀ sábà máa ń wúwo. Ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ ló ń bá wọn parí ìjà. Ó lè da òjé sínú orí tàbí àyà ẹranko náà kí iwájú lè wúwo tó ẹ̀yìn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé iṣẹ́ J. Howard ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà máa ń fi síńkì tó nípọn ṣe iwájú ẹṣin, wọ́n á sì fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá ni a fi ń pè é, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn. Bí a bá gbé àkùkọ bàbà sórí òrùlé kan ní Ìbàdàn nígbà ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni ẹnu rẹ̀ yóò kọ sí. Àwọn àgbà máa ń ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí ìdí adìẹ. Ẹni tó bá dúró sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ń lọ nìkan ni yóò rí ìdí àkùkọ yìí.

Láti inú òfin kejì ni a ti lè rí ìdí tí àwọn ẹranko kan fi pọ̀ lórí òrùlé ju àwọn mìíràn lọ. Àkùkọ ní ìrù ńlá. Ẹja pẹlẹbẹ, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì. Dírágónì ní ìyẹ́ apá àti ìrù gígùn. Ẹṣin tó ń sáré na ìrù rẹ̀ sẹ́yìn. Ìṣẹ̀dá ara wọn ló kọ́kọ́ yàn wọ́n, kí ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìyíyí yìí fúnra rẹ̀ ti di àmì, ọ̀nà méjì tó tako ara wọn ni àwọn ènìyàn sì gbà kà á. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Guillaume Durand, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Mende ní ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé kan lórí ìtumọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní oníwàásù ni àkùkọ orí ilé ìjọsìn dúró fún: a máa jí àwọn tó ń sùn, a sì máa kọjú sí afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí oníwàásù ṣe gbọ́dọ̀ kọjú sí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kí ó bá wọn wí. Ìgboyà ni ìyíyí jẹ́ lójú tirẹ̀. Àmọ́ ní 1815, lẹ́yìn tí Napoleon, olú-ọba Faransé, ti ṣubú, tó padà, tó sì tún ṣubú, ìwé ẹ̀fẹ̀ kan jáde ní Paris tí wọ́n sọ lórúkọ atọ́ka afẹ́fẹ́. Orúkọ àwọn olóṣèlú àti àwọn èèyàn ńlá tó ń bá ìjọba kọ̀ọ̀kan yí ló wà nínú rẹ̀. Lójú àwọn tó kọ ìwé náà, ohun tó bá ń yí kò ní ìdúró. Irin kan náà ni, ìyíyí kan náà ni.

7.3 Àkùkọ orí ṣọ́ọ̀ṣì

Atọ́ka afẹ́fẹ́ ti wà kí àwọn Kristẹni tó gbà á. Ní Athens, ilé mábù onígun mẹ́jọ kan ṣì dúró títí di òní tí a mọ̀ sí Ilé-ìṣọ́ Afẹ́fẹ́. Andronikos ará Kyrrhos ló kọ́ ọ ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Àwòrán afẹ́fẹ́ kan wà lára ògiri kọ̀ọ̀kan. Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Triton tí wọ́n fi idẹ ṣe ló wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń nà án sí àwòrán afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ lọ́wọ́. Ààbọ̀ ènìyàn, ààbọ̀ ẹja ni Triton, ọmọ òrìṣà òkun.

Àwọn Viking ti Sweden àti Norway náà ní tiwọn. Idẹ tàbí bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ni, onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n sì fín àwọn ẹranko tó lọ́ mọ́ra wọn sí i lára. Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan máa ń dúró sórí rẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti lo irú wọn. Ọ̀kan tí a rí ní Söderala ní Sweden àti òmíràn láti Heggen ní Norway, tí àwọn méjèèjì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rúndún kọkànlá, bọ́ sọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbẹ̀yìn. Ohun tó jẹ́ ti ọkọ̀ ogun di ti ilé Ọlọ́run, láìyí àwòrán rẹ̀ padà.

Àkùkọ tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣẹ́kù ni èyí tí bíṣọ́ọ̀bù Rampertus ní kí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Brescia ní Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Santa Giulia ní ìlú náà báyìí. Ní ọ̀rúndún kan náà ni ìtàn sọ pé Póòpù Leo Kẹrin gbé àkùkọ sórí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Àṣà àtẹnudẹ́nu sì tún sọ pé Póòpù Nicholas Kìíní ló pa á láṣẹ pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ní àkùkọ. Ohun tó dájú ni pé nígbà tó máa fi di ọ̀rúndún kọkànlá, ó ti di nǹkan tí gbogbo ojú mọ̀. Nínú aṣọ Bayeux, aṣọ tó gùn tó 70 mítà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú sọ ìtàn ogun 1066 sí, ọkùnrin kan wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Westminster tó ń gbé àkùkọ sí ipò rẹ̀. Ọ̀nà tí ayàwòrán gbà sọ pé ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àkùkọ? Ìdáhùn tó yá jù lọ wà nínú ìtàn Pétérù. Jésù ti sọ fún un pé kí àkùkọ tó kọ, yóò ti sẹ́ òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pétérù sẹ́ ẹ, àkùkọ kọ, Pétérù sì jáde lọ sọkún kíkorò. Ẹyẹ tó wà lórí òrùlé wá ń bi ẹni tó ń wọlé ìsìn léèrè pé ìwọ náà ńkọ́? Ṣùgbọ́n àkùkọ tún ni ẹyẹ tó ń kéde òwúrọ̀ nígbà tí òkùnkùn ṣì kún. Nípa bẹ́ẹ̀, ó gbé ìbáwí àti ìrètí pọ̀: ènìyàn ti ṣubú, ilẹ̀ sì ń mọ́ bọ̀.

Ní Paris, àkùkọ ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame tún ní iṣẹ́ kẹta. Wọ́n fi àwọn ohun mímọ́ sínú ikùn rẹ̀ kí ó lè máa dáàbò bo ìlú. Nígbà tí iná sọ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2019, ó jábọ́ pẹ̀lú ṣóńṣó ilé náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i láàárín àlàpà, ó ti tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2023, wọ́n gbé àkùkọ tuntun sókè, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ènìyàn bí 2,000 tó kópa nínú àtúnkọ́ náà sínú rẹ̀. Àkùkọ sì tún jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè Faransé, nítorí náà ẹni tí kò gba Pétérù gbọ́ náà lè wò ó kí ó ní tiwa ni.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló fi àkùkọ ṣe tirẹ̀. Ní Ostfriesland àti àyíká Oldenburg ní àríwá Jámánì, ẹyẹ swan, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tó ń wẹ̀ lórí omi, ló wà lórí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọlẹ́yìn Martin Luther. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Jan Hus, ẹni tí wọ́n dáná sun ní Konstanz ní 1415 nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀, sọ tẹ́lẹ̀ pé swan kan yóò dé lẹ́yìn òun tí wọn kò ní lè sun. Wọ́n ní Luther ni swan náà. Arìnrìn-àjò tó bá dé abúlé kan níbẹ̀ kò nílò láti béèrè ìjọ tó ń jọ́sìn níbẹ̀. Bí ó bá gbójú sókè, ó ti mọ̀.

Nígbà tí àkùkọ di èébú

Ní nǹkan bí 1720, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Boston lórí àlùfáà tuntun tí àwọn kan pè wá. Peter Thacher ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ bínú jáde, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn nítòsí ní 1721. Wọ́n bẹ Shem Drowne, alágbẹ̀dẹ bàbà, pé kí ó ṣe atọ́ka afẹ́fẹ́ fún àwọn. Àkùkọ ló ṣe: ìkòkò àtijọ́ ni ìtàn sọ pé ó fi rọ ọ́, ó wúwo tó 78 kílógíráàmù, ojú gíláàsì ló sì fi sí i. Gbogbo Boston mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Àkùkọ ló bá Pétérù àkọ́kọ́ wí, àkùkọ náà ni wọn yóò fi bá Peter yìí wí. Ìtàn ìlú sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sókè, ọ̀kan nínú wọn gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ bí àkùkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lónìí, orí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ní Cambridge, lódìkejì odò, ni àkùkọ náà wà. Àwọn tó jà ti kú, ìjà ti tán, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ti wó. Ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ ń rí àkùkọ Pétérù Mímọ́; èébú ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, nítorí pé òrùlé ti yí padà.

7.4 Dírágónì àti tata: ohùn ìlú àti ohùn oníṣòwò

Nínú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, èṣù ni dírágónì sábà máa ń jẹ́: Máíkẹ́lì, olórí àwọn áńgẹ́lì, a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, George Mímọ́ a máa fi ọ̀kọ̀ gún un. Síbẹ̀, ní 1377, àwọn ará Ghent, ní ilẹ̀ tó di Bẹ́ljíọ̀mù, gbé dírágónì bàbà oníwúrà sórí ilé-ìṣọ́ ìlú wọn. Inú ilé-ìṣọ́ yẹn ni wọ́n ń kó ìwé ẹ̀tọ́ ìlú sí, àwọn ìwé tó fi hàn pé alákòóso ilẹ̀ náà kò lè ṣe Ghent bó ṣe wù ú. Ẹranko abàmì tó ń ṣọ́ ìṣúra nínú ìtàn bá iṣẹ́ náà mu gan-an. Wọ́n tún dá ìtàn sí i pé láti Constantinople ni dírágónì náà ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ghent ni wọ́n ti san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ kí á bọ̀wọ̀ fún òun a máa wá orírun tó jìnnà fún ohun ìní rẹ̀.

Ní London, dírágónì ni àmì àárín ìlú àtijọ́ níbi tí àwọn oníṣòwò wà. Lẹ́yìn tí iná ńlá 1666 jó ìlú náà, Christopher Wren, ayàwòrán-ilé, tún ṣọ́ọ̀ṣì St Mary-le-Bow kọ́, wọ́n sì gbé dírágónì bàbà kan sórí rẹ̀ ní 1680. Ó gùn ju mítà méjì àbọ̀ lọ. Dírágónì lórí ilé Ọlọ́run! Kò sí ẹni tó rò pé èṣù ni wọ́n ń bọ, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìlú ló ń sọ̀rọ̀.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni tata wà. Thomas Gresham, oníṣòwò ńlá tó tún ń bá ìjọba yá owó, ló dá ọjà àwọn oníṣòwò sílẹ̀ ní London. Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ṣí i ní 1571. Tata ni àmì ìdílé Gresham, òun ló sì gbé sórí ilé náà. Àwọn ènìyàn ń sọ ìtàn pé wọ́n ju baba ńlá ìdílé náà sínú koríko nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ariwo tata ló sì mú kí wọ́n rí i; ìtàn ìdílé ni, kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ilé náà jóná ní 1666, ó tún jóná ní 1838. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ṣí ní 1844, tata oníwúrà sì wà lórí rẹ̀. Kòkòrò tí àgbẹ̀ ń lé kúrò lóko di àmì ọrọ̀.

Àyẹ̀wò 7A: Tata Faneuil Hall

Ní 1742, Peter Faneuil, oníṣòwò ní Boston, kọ́ gbọ̀ngàn kan fún ìlú: ọjà nísàlẹ̀, ibi ìpàdé lókè. Shem Drowne kan náà tó rọ àkùkọ èébú ló ṣe tata sórí rẹ̀. Bàbà ni, ó fi wúrà bò ó, ó fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀. Àwọn òpìtàn gbà pé tata Gresham ló wà lọ́kàn wọn: Boston kékeré ń sọ fún London pé àwọn náà jẹ́ oníṣòwò.

Tata yìí ti rí ayé. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1755 gbọn ọ́ wálẹ̀. Thomas, ọmọ Drowne, tún un ṣe, ó sì fi ìwé kan sí ikùn rẹ̀ tó sọ ìtàn ìjàǹbá náà. Oúnjẹ tata ni wọ́n pe ìwé náà. Ní oṣù kìíní 1974, wọ́n jí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n rí i nínú ilé-ìṣọ́ gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀, àsíá àtijọ́ ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀.

Apá kan wà tí wúrà kò fi hàn. Peter Faneuil ṣòwò ẹrú. Ọkọ̀ Jolly Bachelor tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ lọ sí etíkun Sierra Leone láti kó ènìyàn. Àwọn ará Boston kan ti ń béèrè láti ìgbà díẹ̀ pé kí wọ́n yí orúkọ gbọ̀ngàn náà padà. Bí a bá ń ka tata náà gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, a gbọ́dọ̀ ka irú òwò tó jẹ́ mọ́ ọn.

7.5 Àdàbà Mount Vernon

Ní 1787, George Washington wà ní Philadelphia, níbi tó ti ń darí ìpàdé tí wọ́n ti kọ òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ogun pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí òun jẹ́ ọ̀gágun rẹ̀, ti parí. Ó ní kí Joseph Rakestraw ṣe atọ́ka afẹ́fẹ́ fún ilé òun ní Mount Vernon ní Virginia: kí ó jẹ́ ẹyẹ tó na ìyẹ́ apá, tó mú ewé igi ólífì sẹ́nu. Bàbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n kun ẹnu rẹ̀ ní dúdú, wọ́n sì kun ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ewé.

Àdàbà Nóà ni. Òun ló gbé ewé ólífì padà wá sínú ọkọ̀ láti fi hàn pé omi ti ń fà. Ọ̀gágun tó gbé àdàbà sórí òrùlé rẹ̀ ń sọ pé ogun ti tán, òun sì ti padà sóko. Ohun tí Washington fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn. Nígbà tó kú ní 1799, ẹrú 317 ló wà lórí ilẹ̀ náà. Àmì orí òrùlé kì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé; ohun tí onílé fẹ́ sọ ló ń sọ.

7.6 Ẹṣin, màlúù àti ẹja: àkókò ilé iṣẹ́

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo. Ní Waltham ní Massachusetts, A. L. Jewell bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ní 1852. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1867, Cushing àti White gbà á. Ní New York, J. W. Fiske ń ta tirẹ̀. Ìwé àwòrán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Àgbẹ̀ á yan ẹranko tó wù ú àti ìwọ̀n tí owó rẹ̀ ká.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Agbẹ́gilére á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹranko náà lódindi. Wọn á fi igi yìí da irin oníkòtò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ á wá fi òòlù lu bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ inú kòtò náà títí tí gbọ̀ngbọ̀n iṣan àti irun gọ̀gọ̀ yóò fi hàn. Wọn á fi òjé jó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, wọn á so etí àti ìrù mọ́ ọn, wọn á sì fi wúrà bò ó. Nítorí inú rẹ̀ ṣófo, kò wúwo. Irin oníkòtò kan sì lè bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin tó jọra bí ìbejì.

Ẹṣin ló tà jù. Kì í ṣe ẹṣin kan ṣá: Ethan Allen, Black Hawk, Dexter, àwọn ẹṣin eré ìje tí orúkọ wọn wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn nígbà náà. Àwọn oníṣẹ́ ń wo àwòrán tí ilé ìtẹ̀wé Currier àti Ives ń tà kí wọ́n tó gbẹ́ wọn. Àgbẹ̀ tí kò lè ra Dexter lè gbé e sórí abà rẹ̀. Màlúù ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé wàrà ni wọ́n ń fún níhìn-ín. Ní etíkun, ẹja kọ́ọ̀dù àti àbùùbùtán ló gbòde, nítorí ohun tó ń bọ́ ìlú nìyẹn.

Níbí, ìtumọ̀ ti rọrùn. Kò sí Pétérù, kò sí Nóà. Iṣẹ́ tàbí ìgbéraga onílé ni ẹranko náà ń kéde. Àmọ́ ẹja gba kí á ṣọ́ra. Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ti fi ẹja ṣe àmì Jésù. Ẹja lórí ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ìgbàgbọ́. Ẹja kan náà lórí ilé apẹja lè jẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Bí ó bá wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú àwọn apẹja, ó lè jẹ́ méjèèjì.

Fi wé 7B: Àkùkọ tí kì í yí

Ní Kúbà, àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí tó jogún ìsìn Yorùbá ní Osun: ife irin kékeré kan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àkùkọ irin ló sì wà lórí ọmọrí rẹ̀. Ara ọ̀pá ọ̀sùn tí babaláwo ń lò nílé ló ti ṣẹ̀, ọ̀pá irin tó ní ẹyẹ lórí, tí wọn kì í dá dùbúlẹ̀. Àkùkọ Kúbà yìí jọ ti orí ṣọ́ọ̀ṣì Spéìn gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Inú ilé ló wà, afẹ́fẹ́ kì í yí i. Olùṣọ́ ẹ̀mí ẹni tó ni ín ni. Dídúró rẹ̀ ni àlàáfíà, bí ó bá ṣubú, ìkìlọ̀ ni.

7.7 Bí a ṣe ń kà á

Láti inú àwọn àpẹẹrẹ òkè yìí, a lè fa ìbéèrè mẹ́ta yọ.

Ìkíní: Ta ló ni òrùlé? Ìjọ, ìlú, ìdílé, oníṣòwò tàbí àgbẹ̀? Èyí ló fa ìyàtọ̀ láàárín dírágónì Ghent àti dírágónì tí George Mímọ́ ń gún.

Ìkejì: Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Àkùkọ Boston ní 1721 kò ní ìtumọ̀ fún àlejò tí kò mọ Peter Thacher. Swan Ostfriesland ń bá aládùúgbò tó ń ṣe ìjọ mìíràn sọ̀rọ̀.

Ìkẹta: Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ohun tí alágbẹ̀dẹ rọ fún ẹnì kan ṣoṣo sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ àkànṣe nínú. Èyí tí wọ́n yàn láti inú ìwé àwòrán sábà máa ń sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ lákòókò náà.

Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ kò ní ìdáhùn mọ́ bí ẹranko náà bá ti kúrò lórí òrùlé rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn. Láàárín ọ̀rúndún ogún, àwọn olówó Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, iye wọn sì gbéra sókè. Olè tẹ̀ lé owó: àwọn kan gun òrùlé lóru, àwọn mìíràn tiẹ̀ fi hẹlikópítà gbé wọn lọ. Àwọn àgbẹ̀ kan tà wọ́n fúnra wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Shelburne ní Vermont ní ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì wuni í wò: wúrà ti ṣí, bàbà ti di àwọ̀ ewé, ihò ọta ìbọn àwọn ọmọkùnrin tó fi wọ́n dánra wò ṣì wà lára òmíràn. A lè dáhùn ìbéèrè kẹta dáadáa níbẹ̀, kódà ju ti orí òrùlé lọ. Ṣùgbọ́n ẹja tó wà nínú àpótí gíláàsì, tí a kò mọ ilé tó ti wá, kò lè sọ fún wa mọ́ bóyá Jésù ló ń kéde tàbí ẹja títà.

Àkópọ̀

Atọ́ka afẹ́fẹ́ ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá hàn nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ, tí ìwúwo wọn sì dọ́gba. Àkùkọ dé orí ṣọ́ọ̀ṣì nípasẹ̀ ìtàn Pétérù, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ó kéré tán. Ìlú lo dírágónì fún ìṣọ́, oníṣòwò lo tata fún ìdílé àti òwò, Washington lo àdàbà fún àlàáfíà tó fẹ́ kí á fi mọ òun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ dé, ẹranko di ìpolówó iṣẹ́ onílé. Ẹni tó ni òrùlé ló ń fún ẹranko ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ìdánrawò

1. Ya àwòrán ẹja kan tí ìwọ yóò fi ṣe atọ́ka afẹ́fẹ́. Fi àmì sí ibi tí ọ̀pá yóò gbà kọjá, kí o sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè jẹ́ àárín gbùngbùn.
2. Afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wọ Èkó. Ìhà wo ni orí àkùkọ bàbà yóò kọ sí? Ìhà wo ni ìwọ yóò dúró sí kí o tó lè rí ìrù rẹ̀?
3. Fi èrò Guillaume Durand lórí ìyíyí àkùkọ wé ti àwọn tó kọ ìwé ẹ̀fẹ̀ 1815. Èwo ló bá bí ohun èlò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ mu jù? Sọ ìdí rẹ.
4. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín iṣẹ́ tí àkùkọ Brescia ṣe nígbà tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì àti èyí tí Osun Kúbà ń ṣe?
5. Wọ́n gbé ẹlẹ́dẹ̀ bàbà kan wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìlà tí wọ́n fi òjé jó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, kò sì sí ẹni tó mọ òrùlé tó ti wá. Kọ ojú ìwé kan: kí ni a lè sọ dájú nípa rẹ̀, kí sì ni ẹni tó ń kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ?